Àrùn Ogún Ọdún, Owó Ọdún Mẹ́ta

Owó ìrànwọ́ fún ìwádìí àrùn kíndìnrín, èyí tí àwọn tó wà nídìí iṣẹ́ náà ń pè ní gíráǹtì, kéré sí ohun tó yẹ kó jẹ́. Mi ò rò pé ẹnikẹ́ni máa bá mi jiyàn lórí ìyẹn, nígbà tí àjọ ISN, ìyẹn àjọ àwọn onímọ̀ kíndìnrín lágbàáyé, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ṣírò rẹ̀ pé àwọn tí àrùn náà ń bá fínra lé ní 850 mílíọ̀nù. Ṣùgbọ́n ohun tó ká mi lára ju kíkéré owó náà lọ ni pé kì í pẹ́ tó àrùn tí wọ́n torí rẹ̀ yà á sọ́tọ̀.

Ẹ wo bí àrùn náà ṣe ń rìn. Asẹ́ tíntìntín tó tó mílíọ̀nù kan ló wà nínú kíndìnrín kọ̀ọ̀kan, nǹkan bí 180 lítà omi ló sì ń gba inú gbogbo wọn kọjá lójoojúmọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èyí tí a ń tọ̀ kò ju lítà kan tàbí méjì lọ. Bí díẹ̀ nínú àwọn asẹ́ náà bá kú, àwọn tó kù á gbé ẹrù òkú mọ́ tiwọn, ẹni tó ni ara kò sì ní fura. Kódà èròjà creatinine, tí àwọn dókítà ń wò nínú ẹ̀jẹ̀ láti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ dé, lè wà ní ipò tó dára títí di ìgbà tí iṣẹ́ kíndìnrín bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dín kù sí ìdajì. Láti ìgbà tí àtọ̀gbẹ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ̀yà ara yìí lẹ́yìn títí di ọjọ́ tí wọ́n bá gbé aláìsàn sídìí ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀, ó lè gba ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó lè gba ogún. Olùwádìí tí a bá wá fún ní owó ọdún mẹ́ta dà bí ẹni tó yọjú lójú fèrèsé wo arìnrìn-àjò tó ń kọjá lọ: ó rí i lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò mọ ibi tó ti ń bọ̀, kò sì ní mọ ibi tó já sí. Ọdún mẹ́ta náà gan-an kò pé, nítorí ìwé àṣẹ àti gbígba òṣìṣẹ́ á ti jẹ lára ti àkọ́kọ́, ìwé ìbéèrè fún owó mìíràn á sì jẹ lára ti ìkẹyìn.

Mo ti ṣiṣẹ́ rí gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń pe àwọn olùkópa lórí fóònù nínú irú ìwádìí bẹ́ẹ̀, níbì kan tí n kò ní dárúkọ. Bàbá kan wà nínú wọn tí àtọ̀gbẹ wọn ti pẹ́. Oṣù mẹ́fà mẹ́fà ni Bàbá ń gbé ìtọ̀ àárọ̀ wá nínú ìgò kékeré ọlọ́mọrí búlúù, wọ́n sì máa ń kọ ọjọ́ tó kàn sínú ìwé pélébé kan tó wà nínú àpò àyà wọn, débi pé àwọn ló máa ń rán mi létí. Nígbà tí ọdún mẹ́ta pé, ìgò wọn méje ló wà nínú fírísà. Ọjọ́ tí wọ́n gbé ìkẹjọ dé, wọ́n bá ilẹ̀kùn ní títì. Owó ti tán ní oṣù díẹ̀ ṣáájú, owó tí a fi ń pe àwọn èèyàn sì wà lára owó tó tán náà, nítorí náà kò sẹ́ni tó pe Bàbá. Èmi ni wọ́n pè: “Ọmọ mi, ibo ni kí n gbé ìtọ̀ yìí sí?”

Kí ẹ lè mọ ohun tí a ń pàdánù, ẹ gbọ́ ìtàn ìwádìí kan tí wọn kò tì ní kíákíá. Ní Amẹ́ríkà, láàárín ọdún 1995 sí 1998, wọ́n kó aláwọ̀ dúdú 1,094 tí ẹ̀jẹ̀ ríru ti ń ba kíndìnrín wọn jẹ́ jọ sínú ìwádìí tí wọ́n ń pè ní AASK, láti mọ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó dáàbò bo kíndìnrín jù. Owó ìjọba ni wọ́n fi ṣe é, láti ọwọ́ NIDDK, ẹ̀ka tó ń rí sí àtọ̀gbẹ àti kíndìnrín ní NIH, ilé iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń ṣe ìwádìí ìlera, tó sì ń fúnni lówó fún un. Ìbéèrè oògùn náà rí ìdáhùn, àmọ́ wọn kò tú àwùjọ náà ká. Wọ́n ń tọ àwọn èèyàn náà lẹ́yìn fún ọ̀pọ̀ ọdún sí i, wọ́n sì tọ́jú ẹ̀jẹ̀ wọn. Ọdún 2010 ni àwọn onímọ̀ tó ṣàwárí pé àwọn ẹ̀dà kan lára àbùdá àjogúnbá tó ń jẹ́ APOL1, tó wọ́pọ̀ láàárín àwọn tó ṣẹ̀ wá láti Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, máa ń gba ènìyàn lọ́wọ́ àrùn oorun, ṣùgbọ́n ẹni tó bá jogún irú wọn lọ́dọ̀ baba àti ìyá wà nínú ewu àrùn kíndìnrín gidigidi. Wọ́n padà sídìí ẹ̀jẹ̀ AASK àti ti CRIC, ìwádìí ọlọ́jọ́ pípẹ́ mìíràn lórí àrùn kíndìnrín tí NIDDK dá sílẹ̀ ní ọdún 2001. Nígbà tó fi máa di ọdún 2013, wọ́n ti fi hàn pé kíndìnrín irú ẹni bẹ́ẹ̀ ń yára bàjẹ́, yálà wọ́n kápá ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ tàbí wọn kò kápá rẹ̀. Ta ni ì bá kọ ìyẹn sínú fọ́ọ̀mù lọ́dún 1995? Àbùdá tí wọ́n torí rẹ̀ ṣí fírísà kò tíì ní ìtàn kankan nínú ọ̀rọ̀ kíndìnrín nígbà tí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ náà. Lónìí, wọ́n ti ń dán oògùn tó dojú kọ APOL1 gan-an wò, èyí tí wọ́n kọ́kọ́ kéde èsì rẹ̀ ní ọdún 2023 sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dín èròjà amúaradàgbà inú ìtọ̀ àwọn ènìyàn díẹ̀ tó lò ó kù sí ìdajì; èròjà yìí nínú ìtọ̀ jẹ́ àmì pé kíndìnrín ń bàjẹ́.

Àwọn tó ń fúnni lówó ní àwíjàre tiwọn, mo sì gbà pé kò ṣe é fi ọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Ní NIH, ìwé ìbéèrè tó ń rí owó gbà kò ju nǹkan bí ẹyọ kan nínú márùn-ún lọ. Bí a bá so owó mọ́ ọ̀jọ̀gbọ́n kan lọ́rùn fún ogún ọdún, ebi ni àwọn ọ̀dọ́ olùwádìí máa jẹ. N kò bèèrè ìyẹn. Ohun tí mo ń bèèrè ni kí wọ́n ya owó tí a fi ń tọ́jú ìwádìí tó ti wà nílẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára owó ìbéèrè tuntun. Kí ìbéèrè tuntun máa figagbága lọ ní ọdún mẹ́ta tàbí márùn-ún bó ṣe ń ṣe, ṣùgbọ́n kí iná fírísà, owó ìpè, owó oṣù ẹni tó ń pe àwọn olùkópa àti ti ẹni tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ má ṣe sí lára ohun tí a ń du.

Nínú oṣù Karùn-ún ọdún 2025, àpérò ìlera àgbáyé ti àjọ WHO fẹnu kò fún ìgbà àkọ́kọ́ lórí ọ̀rọ̀ ìlera kíndìnrín. Inú mi dùn sí i, ṣùgbọ́n ìpinnu kì í san owó iná.

Ohun kan tún kù tó ń bí mi nínú, bó tilẹ̀ jọ nǹkan kékeré. Ọ̀pọ̀ fọ́ọ̀mù gíráǹtì ló máa ń bèèrè pé kí ni ọ̀tun inú iṣẹ́ yìí, máàkì gidi ló sì wà lórí rẹ̀. Olóòótọ́ tó bá kọ ọ́ pé kò sí ọ̀tun kankan, pé àwọn èèyàn àná náà la tún fẹ́ pè, pé ìtọ̀ wọn la tún fẹ́ gbà, á fìdí rẹmi. Mo mọ ẹnìkan tó ti ẹ̀rọ tuntun kan bọ inú ìwé ìbéèrè rẹ̀ kí wọ́n lè rí ọ̀tun fún un ní máàkì. Owó náà jáde, ẹ̀rọ náà dé, ó wà nínú páálí títí iṣẹ́ fi parí, fírísà ògbólógbòó ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì ń han ariwo ìkìlọ̀ pé inú òun ti ń gbóná.