Ilé òfìfo kọ́ ni ilé olówó pọ́ọ́kú

Èrò ọkàn mi nìyí lórí ọ̀rọ̀ kan tí ó máa ń dìde nígbàkígbà tí ilé iṣẹ́ bá fẹ́ ṣètò ìnáwó ọdún: ṣé kí wọ́n ra ohun èlò sí àwọn kọ́tásì tí àwọn òṣìṣẹ́ ń háyà lọ́wọ́ wọn, àbí kí wọ́n kàn kó kọ́kọ́rọ́ ilé òfìfo lé òṣìṣẹ́ lọ́wọ́?

Ọdún mẹ́jọ ni mo fi ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka tí ó ń bójú tó kọ́tásì ní ilé iṣẹ́ kan ní ìpínlẹ̀ Ògùn, èmi náà sì gbé inú ọ̀kan nínú àwọn ilé náà. Àwọn tí ó ń sọ pé ilé òfìfo kò ná wa ní nǹkan kan kò tíì rí ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà síṣẹ́, tí ó gbé báàgì kan ṣoṣo dé, tí ó ń sùn lórí ẹní títí owó oṣù àkọ́kọ́ fi wọlé. Kò lè sá lọ sọ́dọ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, nítorí pé wọn kì í yá ẹni tí kò tíì dá owó fún oṣù mélòó kan lówó. Ẹni tí kò sùn dáadáa yìí ni a sì ń retí ní ẹnu ẹ̀rọ ní aago mẹ́fà àárọ̀.

Ṣùgbọ́n kí a ra nǹkan sí ilé yàtọ̀ sí kí a ra nǹkan tí ó dára. Ní ọdún kan, wọ́n ra bẹ́ẹ̀dì àti wọ́dúróòbù tí wọ́n fi lẹ́búlẹ́bú pákó lẹ̀ pọ̀ ṣe, nítorí pé owó rẹ̀ rọjú. Omi òjò kan ṣoṣo tí ó gba ojú fèrèsé wọlé ti tó láti mú kí ó wú. Ká ní irú bẹ́ẹ̀dì bẹ́ẹ̀ jẹ́ ₦90,000, tí ó sì lo ọdún 2, tí èyí tí káfíńtà fi ìrókò kàn jẹ́ ₦250,000, tí ó sì lo ọdún 10. Láàárín ọdún 10 náà, ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni a ó ra ti àkọ́kọ́, a ó sì ná ₦450,000, láì tíì ka owó ọkọ̀, láì sì tíì rántí pé iye ọjà kì í dúró lójú kan. Ẹni tí ó bá mọ ọjà pákó Bódìjà ní Ìbàdàn mọ̀ pé arère, pákó tí ó rọ̀, kì í ṣe ẹgbẹ́ ìrókò, àti pé ikán kì í tètè rí ìrókò jẹ.

Nítorí náà, ohun tí mo fara mọ́ ni pé kí ilé iṣẹ́ pèsè bẹ́ẹ̀dì, wọ́dúróòbù, kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìdáná, fáànù òkè àjà àti nẹ́ẹ̀tì ojú fèrèsé, kí ó sì dúró síbẹ̀. Kí oníkálukú ra fóòmù tirẹ̀, nítorí ìdun àti òógùn ẹlòmíràn. Àga pálọ̀ àti kọ́tìnnì jẹ́ ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ọkàn. Òfin owó orí Nàìjíríà náà sì ti pẹ́ tí ó ti ń ka ohun èlò tí agbanisíṣẹ́ rà fún òṣìṣẹ́ mọ́ owó tí ń wọlé fún un, ní ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún iye tí wọ́n rà á lọ́dọọdún, nítorí náà àga olówó ńlá tí òṣìṣẹ́ kò béèrè fún lè di ẹrù sí i lọ́rùn.

Àwọn kan á ní kí a fún àwọn òṣìṣẹ́ ní owó dípò ohun èlò, bí ìjọba àpapọ̀ ṣe sọ ọ̀pọ̀ àǹfààní òṣìṣẹ́ rẹ̀ di owó ní ọdún 2003. Ó bójú mu fún ẹni tí ó ti ní ẹrù nílé. Ní ti òṣìṣẹ́ tuntun tí ó ní àbúrò nílé ìwé, mo ti rí i pé owó bẹ́ẹ̀dì a máa di owó ilé ìwé kí ilẹ̀ tó mọ́, n kò sì lè dá a lẹ́bi.

Ohun kan tí ó ń jẹ owó jù, tí kì í sí nínú ìwé ìṣirò rárá, ni ìgbà tí ẹnì kan bá ń kó jáde. Bí kò bá sí ìwé tí a kọ ohun èlò kọ̀ọ̀kan sí, pẹ̀lú ipò tí ó wà, tí ẹni tí ó ń wọlé àti ẹni tí ó fún un ní kọ́kọ́rọ́ jọ fọwọ́ sí, ìjà lórí fáànù tí ó sọnù ni yóò kù.