Kọ́ìn Ti Gba Ìwé Ẹ̀rí

Ọ̀rẹ́ mi kan pè mí wá wo kọ́ìn tuntun tó rà. Mo ní kí n nawọ́ gbé e, ló bá figbe ta bí ẹni tí ejò bù jẹ: "Má fọwọ́ kàn án!" Mo wá ń wò ó tìyanutìyanu, torí inú ike ni kọ́ìn ọ̀hún wà, wọ́n ti lẹ ike náà pa pinpin, èékánná mi pàápàá kò lè débẹ̀.

Ẹ ò rí i pé ayé ti dé ibi tí owó ń ṣe ìdánwò. Ẹ ó sanwó, ẹ ó fi kọ́ìn yín ránṣẹ́ sí PCGS tàbí NGC, àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń yẹ kọ́ìn wò l'Amẹ́ríkà, wọn á yí i síhìn-ín yí i sọ́hùn-ún, wọn á fún un ní máàkì láti 1 dé 70. Ẹni 1 ti pa rẹ́ tán, orúkọ nìkan ló kù fún un. Ẹni 70 kò lábàwọ́n kankan, bí ẹ tilẹ̀ fi dígí tó ń sọ nǹkan di ìlọ́po 5 wò ó.

Kí ló dé tó fi jẹ́ 70? William Sheldon, ọ̀gbẹ́ni kan tó ń kó kọ́ìn jọ, ló gbé e kalẹ̀ ní 1949 fún sẹ́ǹtì ńlá ayé àtijọ́ ti Amẹ́ríkà: kọ́ìn 70 yóò tó kọ́ìn 1 lọ́nà 70 lówó. Ìṣirò owó yẹn ti kú tipẹ́, nọ́ńbà rẹ̀ ló kù. Lẹ́yìn tí Sheldon fúnra rẹ̀ kú ni àṣírí tú pé ó ti ń fi sẹ́ǹtì tirẹ̀ pààrọ̀ àwọn tó dára jù ú lọ nínú àkójọ American Numismatic Society, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ kọ́ìn l'Amẹ́ríkà. Kò sẹ́ni tó lè ní bàbá ò mọ ojúlówó.

Mi ò ní purọ́, ó wúlò. Ayédèrú kọ́ìn pọ̀ bí ilẹ̀ bí ẹní. Ẹni tó ń rajà lọ́wọ́ ẹni tí kò rí rí nílò ojú ẹlòmíràn, ọmọ tó sì jogún àpò kọ́ìn tí kò mọ ìdí rẹ̀ kò ní tà á lówó pọ́ọ́kú.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ìwà wèrè tó tẹ̀ lé e. Èèyàn wẹ̀, a ní ó mọ́ tónítóní. Kọ́ìn wẹ̀, ó fìdí rẹmi! Bí wọ́n bá rí i pé ẹ ti fọ̀ ọ́ rí, wọ́n lè má fún un ní nọ́ńbà rárá, "Details" ni wọn á kọ sí i lára, ìyẹn ni pé ó ní àbùkù. Ẹni tí 64 kò tó á fọ́ ike, á tún dá kọ́ìn padà sídìí ìdánwò. Kọ́ìn kan náà, láìjẹ láìmu, á gba 65. Bí kò bá gbà á, ẹ tún fọ́ ike. Àwọn ọ̀bàyéjẹ́ náà kò sùn, wọ́n ti ń ṣe ayédèrú ike.

Àní láti 2007 ni ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà mìíràn tó ń jẹ́ CAC ti ń gbowó láti wò ó bóyá àwọn tó fún kọ́ìn ní máàkì ṣe é re. Bó bá tẹ́ wọn lọ́rùn, wọn á lẹ sítíkà aláwọ̀ ewé mọ́ ike. Mo ń retí àwọn tó máa yẹ sítíkà wò.

Mo bi ọ̀rẹ́ mi pé, "Orí ta ni wọ́n yà sí kọ́ìn yìí lára?"

Ó yí ike náà padà, ó fara balẹ̀ kà á. Ó ní, "69."