Òṣìṣẹ́ olówó oṣù kọ́ ló yẹ kó ra ẹ̀rọ fún iléeṣẹ́ ọ̀gá rẹ̀

Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, a lọ síbi fírídọ̀mù ọmọ kan tó kọ́ṣẹ́ wẹ́dà n'Íbàdàn. Wọ́n ti gbàdúrà, wọ́n ti gbé ìwé-ẹ̀rí lé e lọ́wọ́, ni bàbá àgbà kan nínú ẹgbẹ́ wa bá gba máìkì: "Ibi yòówù kó o ti ríṣẹ́, irinṣẹ́ ẹ ni kó o gbé dání. Oníṣẹ́ tó ń wojú ọ̀gá kó tó rí ẹ̀rọ lò, ọ̀lẹ ni." Gbogbo èrò pàtẹ́wọ́. Èmi ò pàtẹ́wọ́. Ọmọ tí wọ́n ń gbà nímọ̀ràn yìí ò fẹ́ dá ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀. Iléeṣẹ́ tó ń ṣe géètì ló gbà á, owó oṣù ni wọ́n ó sì máa san fún un.

Mo bọ̀wọ̀ fún bàbá, àmọ́ ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Ó lé ní ogún ọdún tí mo ti ń gbọ́ ọ, mi ò sì tíì rí oníṣẹ́ kan tó jèrè rẹ̀.

Agbaṣẹ́ṣe ló ń gbé irinṣẹ́ tirẹ̀ wá, ibẹ̀ ni wọ́n ti mú ọ̀rọ̀ tí bàbá sọ yìí. Bí ẹ bá pè mí pé kí n wá ṣe bọ́gílárì sí fèrèsé yín, èmi ni mo máa dá iye owó, èmi ni mo máa mú ọjọ́, mo lè rán ọmọọṣẹ́ mi wá, owó ẹ̀rọ mi sì ti wà nínú iye tí mo pè. Ìyẹn tọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n ní kó dé ní aago méje àárọ̀, tí kò gbọdọ̀ gba iṣẹ́ ẹlòmíì, tí owó rẹ̀ ò yí padà bó ṣe géètì kan tàbí mẹ́wàá, níbo ló ti fẹ́ rí owó ẹ̀rọ yẹn gbà padà?

Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ nílẹ̀ wa ti sọ̀rọ̀ sí i lọ́dún 2008, nínú ẹjọ́ tó wáyé láàárín iléeṣẹ́ méjì, Shena Security àti Afropak. Wọ́n ń ṣàlàyé bí a ṣe ń dá òṣìṣẹ́ mọ̀ yàtọ̀ sí agbaṣẹ́ṣe. Wọ́n ní bó bá jẹ́ agbanisíṣẹ́ ló ń pèsè irinṣẹ́ àti ẹ̀rọ, àfàìmọ̀ ni kó má jẹ́ òṣìṣẹ́ rẹ̀ lẹni náà. Bó bá sì jẹ́ pé ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ló ń fi owó ara rẹ̀ sílẹ̀ kí iṣẹ́ tó lè lọ, agbaṣẹ́ṣe ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un kà. Ọ̀gá tó ní kó o gbé ẹ̀rọ wá ń sọ pé òwò ara ẹ lò ń ṣe. Kí ló wá dé tó ń bu owó oṣù ẹ bó o bá pẹ́ dé? (Labour Act, ìyẹn òfin iṣẹ́ ilẹ̀ wa, ò tiẹ̀ fàyè gba kí wọ́n máa bu owó ìtanràn lára owó oṣù.) Ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ bá dẹ́jọ́, ẹ̀rọ ẹ yẹn náà ni lọ́yà rẹ̀ máa nawọ́ sí pé wọn ò gbà ọ́ síṣẹ́ rí. Òótọ́ ni pé adájọ́ tún máa ń wo bí wọ́n ṣe ń sanwó àti ẹni tó ń pàṣẹ, irinṣẹ́ nìkan kọ́. Ṣùgbọ́n kí ló dé tí wàá fi ẹ̀rí lé e lọ́wọ́?

Ojú mi ti rí i. Lọ́dún 2016, níbi tí mo ti ń gba ₦35,000 lóṣù, wọ́n ní kí n ra ẹ̀rọ fáìlì tí a fi ń gé irin, tí a sì fi ń dán an. ₦18,500 ni. Wọ́n bá mi rà á, wọ́n sì ń yọ owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lára owó oṣù mi títí ó fi tán. Nígbà tí mo fẹ́ lọ, mo gbé e dé ẹnu géètì, wọ́n dá mi dúró pé ẹ̀rọ iléeṣẹ́ ni. Irinṣẹ́ oníṣẹ́ ni nígbà tí owó ń jáde lápò mi, ó di ti ọ̀gá nígbà tí mo ń lọ.

Ẹ̀rọ ṣì kéré. Ojú ńkọ́? Gíláàsì oòrùn tí mo rà lọ́wọ́ aláte ni mo fi ń jó irin níbẹ̀, torí wọ́n ní irinṣẹ́ tèmi nìyẹn náà. Iná wẹ́dìn máa ń jó ẹyinjú, kì í sì í dun èèyàn lójú ẹsẹ̀. Ó di òru kó tó bẹ̀rẹ̀, bí ẹni pé wọ́n da yanrìn gbígbóná sí i. Ìyàwó mi á máa fi aṣọ tútù lé e títí ilẹ̀ á fi mọ́. Factories Act, òfin tó de àwọn iléeṣẹ́, sì sọ ọ́ kedere pé níbi tí iṣẹ́ bá ti ń fi òṣìṣẹ́ kan ohun tó lè ṣe é léṣe, agbanisíṣẹ́ ni kó pèsè ìbọ̀wọ́, bàtà àti gíláàsì, kó sì máa tọ́jú wọn.

Wọ́n á ní bí àwọn baba wa ṣe ń ṣe é nìyẹn. Nínú àgbẹ̀dẹ wo? Ṣé ẹni tó ń fi ẹwìrì finná fún alágbẹ̀dẹ ló ń gbé ẹwìrì láti ilé ni?

Bó bá jẹ́ irinṣẹ́ kéékèèké bíi téèpù àti òòlù ni wọ́n ní kí òṣìṣẹ́ mú wá, mi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyẹn.

Ọmọ náà máa wọṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé. Mo ti pè é sẹ́yìn ilé, mo ní kó fi ẹ̀rọ tí bàbá rẹ̀ yáwó rà fún fírídọ̀mù yẹn sílé, fún iṣẹ́ tó bá gbà fúnra rẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Bí wọ́n bá fi dandan lé e, kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé tirẹ̀ ni, kí wọ́n sì kọ iye tí wọ́n ó máa fi kún owó oṣù rẹ̀ nítorí ẹ̀.