Ooru Ilẹ̀ Wa Kò Ní Kí Ẹ Yọ Tẹ́mósítáàtì

Wọ́n tún ti sọ ọ́ o. Ìyá kan gbé Corolla rẹ̀ tó ń gbóná lọ bá mẹkáníìkì nítòsí Takie ní Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́sẹ̀ yìí. Ọkùnrin náà kò bèèrè ìgbà tó ń gbóná, bóyá lórí ìdúró ni tàbí lórí eré. Kò wo fáànù, kò fọwọ́ kan ìdérí redíétọ̀. Ó kàn ní: “Màmá, ẹ jẹ́ ká yọ tẹ́mósítáàtì ẹ̀ sọnù. Ti ilẹ̀ òyìnbó ni, níbi tí yìnyín ti ń bọ́. Ilẹ̀ tiwa gbóná, kò nílò ẹ̀.” Ọ̀rọ̀ yìí ti di àkọ́sórí láti Ọ̀yọ́ dé Ògbómọ̀ṣọ́. Ọ̀gá fi kọ́ ọmọṣẹ́, ọmọṣẹ́ di ọ̀gá, òun náà fi kọ́ tirẹ̀. Irọ́ ni.

Ìlẹ̀kùn omi ni tẹ́mósítáàtì. Agolo bàbà kékeré kan wà nínú rẹ̀ tí ìda kún inú ẹ̀. Bí omi inú ẹ́ńjìnnì bá gbóná tó bíi 82°C, ìda yẹn á yọ́, á wú, á ti ìlẹ̀kùn sílẹ̀, kí omi lè ráyè lọ tutù nínú redíétọ̀. Bí ooru omi bá rọlẹ̀, sípíríìngì á fà á pa dé. Iye tó fi ń là wà lára irin rẹ̀, wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn: 76, 82, 88, bí ẹ́ńjìnnì kọ̀ọ̀kan bá ṣe rí. Ọjọ́ wo wá ni oòrùn Ògbómọ̀ṣọ́ dé 82? Nínú oṣù kẹta tó mú jù, 37 tàbí 38 náà ni. Tẹ́mósítáàtì kì í wo ojú ọjọ́, omi inú ẹ́ńjìnnì ló ń wò. Ní ìgbà Hajj ọdún 2024, ooru Mẹ́kà kọjá 50°C. Àwọn mọ́tò tó ń gbé àwọn alálàájì wa kiri níbẹ̀, tẹ́mósítáàtì wà nínú wọn láti ilé iṣẹ́ tó ṣe wọ́n, kò sì sí ẹni tó ní ilẹ̀ Saudi gbóná jù fún un.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dójú ẹ̀ gan-an rèé. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì, pàápàá ti Toyota, iṣẹ́ méjì ni tẹ́mósítáàtì ń ṣe. Apá òkè ń ṣí ọ̀nà redíétọ̀. Apá ìsàlẹ̀, ìyẹn àwo pẹlẹbẹ kékeré tó wà ní ìdí sípíríìngì, ń dí ọ̀nà àbùjá. Àbùjá yìí ni omi ń gbà yí po nínú ẹ́ńjìnnì láì dé redíétọ̀ nígbà tí mọ́tò ṣẹ̀ṣẹ̀ jí, kí ó lè tètè gbóná dé ibi tó yẹ. Bí omi ti ń gbóná sí i, apá òkè ń là, àwo ìsàlẹ̀ ń lọ dí àbùjá, títí gbogbo omi á fi máa gba inú redíétọ̀ kọjá. Ẹ wá yọ gbogbo rẹ̀ sọnù. Kí ló kù tó máa dí àbùjá? Kò sí. Apá kan nínú omi gbígbóná á máa ṣẹ́rí padà sínú ẹ́ńjìnnì láì fojú kan redíétọ̀ rárá. Lórí eré, nígbà tí afẹ́fẹ́ pọ̀, ẹ ò ní mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ bọ́ sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ lọ́sàn-án gangan, tàbí kí ẹ wà lẹ́yìn tírélà tó ń wọ́ lọ lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́, pẹ̀lú AC ní títàn àti èèyàn márùn-ún nínú ọkọ̀: ibẹ̀ ni ọwọ́ gééjì, èyí tó ń fi ooru ẹ́ńjìnnì hàn níwájú awakọ̀, á ti gbéra. Ohun tí wọ́n ní àwọn yọ kí mọ́tò má baà gbóná mọ́ ló padà wá ń mú un gbóná.

Toyota fúnra wọn kọ ọ́ sínú ìwé àtúnṣe ẹ́ńjìnnì 5S-FE, èyí tó wà nínú Camry Orobo àti Pencil Light: ẹ má yọ tẹ́mósítáàtì, kódà bí ẹ́ńjìnnì bá ń fẹ́ gbóná jù, nítorí yíyọ rẹ̀ ń dín agbára ìtutù kù. Ẹni tó ṣe mọ́tò ló sọ bẹ́ẹ̀. Ta ló tún kù tí a ó lọ bi?

Wọ́n á ní, “Ṣùgbọ́n nígbà tí a yọ ọ́, ọwọ́ gééjì sọ̀ kalẹ̀ wọ̀ọ̀.” Bẹ́ẹ̀ ni, nítorí ojú ọ̀nà tó já geere ni wọ́n ti gbé e dánwò. Sísọ̀ kalẹ̀ yẹn sì ni àrùn kejì. Sẹ́ńsọ̀ kan wà tó ń sọ fún kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì bí omi ti gbóná tó. Bí omi bá dúró sí 60 tàbí 65 lórí eré, kọ̀ǹpútà á rò pé mọ́tò ṣẹ̀ṣẹ̀ jí ni, á máa da epo kún epo. Epo tí kò jó tán á ṣan ọ́ìlì kúrò lára ògiri sílíńdà, ríìngì á máa ha irin gbígbẹ, plọ́ọ̀gì á dúdú. Omi díẹ̀díẹ̀ tó máa ń wọnú ọ́ìlì, ooru ló yẹ kó lé e jáde. Bí ooru kò bá sí, á jókòó síbẹ̀, ọ́ìlì á sì di ẹrẹ̀. Ọ̀pọ̀ jíà ọ̀tọ̀mátíìkì kì í wọ jíà tó kẹ́yìn bí ẹ́ńjìnnì kò bá tíì gbóná tó, nítorí náà ẹ́ńjìnnì á máa ké kíkankíkan láti Ògbómọ̀ṣọ́ dé Ìlọrin. Iná Check Engine á tàn, kóòdù P0128 á jáde, ìyẹn ni pé omi ẹ́ńjìnnì kò gbóná tó bó ṣe yẹ. Dípò kí wọ́n dá tẹ́mósítáàtì padà, wọ́n á ní kí ẹ ra sẹ́ńsọ̀, kí ẹ fọ ínjẹ́tọ̀, kí ẹ pààrọ̀ plọ́ọ̀gì. Ìnáwó mẹ́ta lórí ohun tí kò bàjẹ́!

Bí ẹ bá fura pé wọ́n ti yọ ti yín kí ẹ tó ra mọ́tò náà, ẹ jí i ní òwúrọ̀ kùtù, kí ẹ fọwọ́ kan họ́ọ̀sì redíétọ̀ ti òkè àti ti ìsàlẹ̀. Ọ̀kan yẹ kó tutù fún ìṣẹ́jú mélòó kan kó tó gbóná lójijì. Bí méjèèjì bá jọ ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, kò sí nǹkan kan níbẹ̀, tàbí kó jẹ́ pé ó là, kò pa dé mọ́.

Mo gbà pé àwọn ẹ́ńjìnnì àtijọ́ kan wà tí tẹ́mósítáàtì wọn kò ní àwo ìsàlẹ̀. Wọn ò ní gbóná tí ẹ bá yọ ọ́, wọ́n á kàn máa tutù jù ni. Bí tẹ́mósítáàtì bá sì dì pa, tí kò là mọ́, lójú ọ̀nà tí ilẹ̀ ti ṣú, ẹ yọ ọ́ kí ẹ fi délé, kí tuntun sì wọlé lọ́jọ́ kejì.

Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ìgbà wo ni mọ́tò ń gbóná? Bó bá jẹ́ lórí ìdúró nìkan, tó ń rọlẹ̀ bí ẹ bá sáré, fáànù ni ká fura sí. Ẹ tan AC. Bí fáànù kò bá gbéra láàárín ìṣẹ́jú kan, ẹ wo fíúùsì, lẹ́yìn náà rìléè, lẹ́yìn náà wáyà àti mọ́tò fáànù. Bó bá jẹ́ lórí eré tàbí lórí òkè ló ti ń gbóná, redíétọ̀ ló dí tàbí wọ́tà pọ́ǹpù, ẹ̀rọ tó ń ti omi kiri, ló rẹ̀. Eruku ọyẹ́ àti koríko gbígbẹ ló sábà ń dí redíétọ̀ níta, láàárín òun àti kọ̀ńdẹ́ńsà AC. Omi kànga tí wọ́n ń dà sí i lọ́dọọdún ló ń dí i nínú, ó ń di èépá bíi ti inú kẹ́tùlù.

Ìdérí redíétọ̀ nìkan lè jẹ́ ohun tí èèyàn ń wá kiri. Wọ́n kọ 0.9 tàbí 1.1 sí i lórí, ìyẹn iye agbára (pressure) tó fi ń tẹ omi mọ́lẹ̀ kó má tètè hó. Pẹ̀lú 0.9, omi lásán á dé bíi 118°C kó tó hó. Bí rọ́bà ìdí rẹ̀ bá ti sán, á ti máa hó ní 100. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ kí ẹ tó tú ohunkóhun. Bí ẹ bá ṣí i nígbà tí mọ́tò tutù pátápátá (tó bá gbóná, omi á bó yín lójú), tí ẹ jí mọ́tò, tí omi ń hó fùkẹ̀fùkẹ̀ láì dáwọ́ dúró, gásíkẹ́ẹ̀tì orí, ìyẹn ohun tó dí àárín orí ẹ́ńjìnnì àti ara rẹ̀, ló jó. Tẹ́mósítáàtì kò mọ̀ nípa rẹ̀.

Tẹ́mósítáàtì náà ń bàjẹ́, ìkòkò omi kan la fi ń dán an wò. Ẹ fi okùn so ó, kí ó má kan ìdí ìkòkò, ẹ gbé e kaná pẹ̀lú tẹmómítà. Kó bẹ̀rẹ̀ sí í là ní iye tó wà lára rẹ̀, kó sì ti là gbayawu kí omi tó hó. Bí ẹ bá gbé e jáde, kó pa dé pátápátá. Èyí tí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ mú un dání lọ sọ́jà: nọ́ńbà kan náà, àwo ìsàlẹ̀ kan náà, rọ́bà tuntun. Sípíríìngì á kọjú sí ẹ́ńjìnnì, pínnì kékeré tó ń mì lára rẹ̀ á wà lókè kí afẹ́fẹ́ lè gba ibẹ̀ jáde. Ẹ po coolant àti omi bátìrì (distilled water, kì í ṣe ásíìdì) ní ìlàjì sí ìlàjì. Ẹ gbé imú mọ́tò sókè díẹ̀, ẹ tan heater, ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ láti tútù pẹ̀lú ìdérí redíétọ̀ ní ṣíṣí títí fáànù á fi gbéra lẹ́ẹ̀mejì, ẹ máa bu kún un bó ti ń fà, kí ẹ tó dé e. Lọ́jọ́ kejì, kí ẹ tó jí i, ẹ tún ṣí i wò. Ó sábà máa ń gbà tó agolo mílíìkì kan sí i.