Ẹ jẹ́ kí àwọn tó ń kọ́ni sọ̀rọ̀ padà náà lè tọ́jú èèyàn lórí fídíò

Ẹni tí àrùn rọpárọsẹ̀ gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀, ta ló ń kọ́ ọ bí yóò ṣe tún pe orúkọ ọmọ rẹ̀? Kì í ṣe dókítà. Dókítà ti ṣe tirẹ̀ tán. Oníṣẹ́ ìlera tó mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ sísọ ló ń bá a jókòó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tó ń gbọ́ bí ohùn rẹ̀ ṣe ń jáde, tó ń wo bí ètè rẹ̀ ṣe ń yí, tó sì ń fi sùúrù tún un ṣe. Ojú, etí àti ẹnu ni irinṣẹ́ rẹ̀. Fídíò sì lè gbé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dé ilé aláìsàn.

Síbẹ̀, ẹ wo Medicare ní Amẹ́ríkà, ètò ìlera ìjọba fún àwọn tó ti pé ẹni ọdún 65 àti àwọn abirùn kan. Òfin to orúkọ àwọn tí ìjọba lè sanwó fún bí wọ́n bá tọ́jú èèyàn láti ọ̀nà jíjìn. Dókítà wà níbẹ̀, agbẹ̀bí wà níbẹ̀, onímọ̀ oúnjẹ náà wà níbẹ̀. Ẹni tó ń kọ́ni sọ̀rọ̀ kò sí níbẹ̀. Bákan náà ni ẹni tó ń kọ́ni rìn padà, ẹni tó ń kọ́ aláìsàn bí yóò ṣe dá wẹ̀ tí yóò sì dá wọṣọ, àti onímọ̀ nípa etí.

Àrùn Kòrónà ló ṣí ilẹ̀kùn fún wọn ní 2020, ṣùgbọ́n àyè onígbà díẹ̀ ni. Láti ìgbà náà, ńṣe ni Ilé Aṣòfin ń sún ọjọ́ ìparí rẹ̀ síwájú: ìparí 2024, oṣù kẹta 2025, oṣù kẹsàn-án 2025. Nígbà tó di ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá 2025, iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ dúró nítorí pé Ilé Aṣòfin kò tíì fọwọ́ sí owó tí wọn yóò ná, àyè náà sì bọ́. Ó ju ogójì ọjọ́ lọ kí wọ́n tó dá a padà. Lóòótọ́, òfin tó dá a padà bo àwọn ọjọ́ tó ti kọjá, ṣùgbọ́n aláìsàn tó ń kọ́ ọ̀rọ̀ kò lè gba ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tó fò ó padà. Ó dùn mí gan-an.

Àwọn kan máa ń sọ pé iṣẹ́ àwọn wọ̀nyí gba kí a fọwọ́ kan aláìsàn. Apá kan rẹ̀ gbà bẹ́ẹ̀, mi ò jiyàn. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì lágbára, tó bá dá dúró ní yàrá kó lè ṣe ohun tí wọ́n ń kọ́ ọ lórí fóònù, lè ṣubú. Ṣùgbọ́n dókítà pàápàá kò lè tẹ ikùn èèyàn wò lórí fídíò, òfin sì fọkàn tán an pé yóò mọ ìgbà tó yẹ kó sọ pé, "Ẹ máa bọ̀ ní ọsibítù." Kí ló dé tí a kò fi lè fọkàn tán ẹni tó kàwé iṣẹ́ rẹ̀, tó yege ìdánwò, tí ìjọba sì fún ní ìwé àṣẹ?

Àǹfààní kan sì wà tí àwọn èèyàn kì í fiyè sí. Ní ọsibítù, ilẹ̀ tẹ́jú, irin ìdìmú sì wà lára ògiri. Ilé aláìsàn kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ọmọ bá gbé fóònù lọ sí ilé ìwẹ̀ ìyá rẹ̀, olùtọ́jú yóò rí i pé ẹnu ọ̀nà fún, pé etí kápẹ́ẹ̀tì ti ká sókè, pé kò sí ohun tí ìyá lè dì mú. Ibẹ̀ gan-an ni ìyá máa ń wẹ̀ lójoojúmọ́.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ní oṣù kìíní 2024, òfin gba àwọn olùdámọ̀ràn nípa ìlera ọpọlọ àti ti ìdílé sínú Medicare, wọ́n sì lè tọ́jú èèyàn láti ọ̀nà jíjìn, kò sí ọjọ́ ìparí kankan níbẹ̀. Irú rẹ̀ gan-an ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún fún àwọn mẹ́rin tó kù yìí. Ẹ kọ orúkọ wọn sínú òfin, kí ẹ má sì kọ ọjọ́ tí yóò parí sí i.