Ẹ́ńjìnnì kan náà kọ́ ni ìnáwó kan náà

Mo tún gbọ́ ọ lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, níbi ìsọmọlórúkọ kan ní Òkè-Baálẹ̀, ní Òṣogbo. Ọmọkùnrin kan tó ń tu owó jọ láti ra ọkọ̀ Honda Accord 2013 ń béèrè èwo ni kí òun mú nínú oríṣi méjì tó wà lára rẹ̀, LX àbí Sport. Kò tíì sọ̀rọ̀ tán tí bàbá kan tó jókòó sápá ọ̀tún mi fi dá a lóhùn pé, "Mú Sport jàre. Ẹ́ńjìnnì kan náà ni, epo kan náà ni, owó kan náà ni wàá máa ná lé e lórí." Gbogbo àwọn tó jókòó síbẹ̀ ló ń mi orí sí i. Mi ò lè máa bá àgbàlagbà fa ọ̀rọ̀ níbi tí wọ́n ti ń sọ ọmọ lórúkọ, mo bá gbẹ́nu mi dákẹ́. Ìdí tí mo fi ń kọ ọ́ síbí nìyẹn, torí ọ̀rọ̀ náà ti sú mi.

Àbọ̀ kan nínú ohun tí bàbá yẹn sọ jẹ́ òótọ́. Ẹ́ńjìnnì kan náà ni: lítà 2.4, onísìlíńdà mẹ́rin. Ti LX ń mú họ́ọ̀sìpáwà 185 wá, ti Sport ń mú 189. Mẹ́rin tó fi jù ú lọ, sailẹ́ńsà ẹlẹ́nu méjì tí wọ́n fi sẹ́yìn rẹ̀ ló fà á. Epo náà ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Nínú ìwọ̀n tí ìjọba Amẹ́ríkà gbé jáde fún àwọn tó ń lo gíà CVT, ìyẹn gíà tó ń yí fúnra rẹ̀, tí wọ́n bá pa ti ìgboro àti ti ọ̀nà jíjìn pọ̀, LX ń rin máìlì 30 lórí gálọ́ọ̀nù kan, Sport ń rin 29. Máìlì kan péré. Ibi tó yẹ kí ìṣirò ti bẹ̀rẹ̀ gan-an ni àwọn èèyàn wa ti ń pa ìwé dé.

Mo mọ ohun tó fà á. Láti oṣù Karùn-ún 2023 tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, tí lítà kan fi kúrò ní ohun tí kò tó 200 náírà tó sì fò kọjá 500 lójijì, kò sí ìbéèrè mìíràn lẹ́nu ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ra ọkọ̀ ju "Ṣé kì í jẹ epo?" lọ. Ọkọ̀ tí kì í jẹ epo lè jẹ ilé yín tán láti ibòmíràn.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ síwájú táyà. Ohun tí wọ́n kọ sára táyà LX ni 205/65R16. Ti Sport ni 235/45R18. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ ni bí táyà ṣe fẹ̀ tó ní mìlímítà. Èyí tó kẹ́yìn ni ìwọ̀n ríìmù ní ínǹṣì. Èyí tó wà láàárín ni kí ẹ fojú sí: gíga ẹ̀gbẹ́ táyà ni, ìyẹn rọ́bà tó wà láàárín ríìmù àti ilẹ̀, wọ́n sì ń fi ìdá nínú ọgọ́rùn-ún fífẹ̀ yẹn kọ ọ́. Ìdá 65 lára 205 jẹ́ mìlímítà 133. Ìdá 45 lára 235 kò pé 106. Ẹ̀gbẹ́ táyà Sport fi ohun tó lé ní ínǹṣì kan kúrú ju ti LX lọ.

Ínǹṣì kan yẹn ló ń kó owó yín lọ. Rọ́bà ẹ̀gbẹ́ àti afẹ́fẹ́ tó wà nínú rẹ̀ ló ń gba ìyà kòtò kí ó tó dé ọ̀dọ̀ ríìmù. Tí táyà bá já sínú gálọ́ọ̀pù, etí kòtò náà á ti rọ́bà wọlé. Bí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bá ga, á tẹ̀, á sì padà sípò. Bí ó bá kúrú, kò ní ibi tí yóò tẹ̀ sí, etí kòtò á há a mọ́ ríìmù. Àwọn okùn tín-ín-rín tí wọ́n hun sínú rọ́bà á já, afẹ́fẹ́ á gba ibẹ̀ wú síta, táyà á yọ kókó. Tàbí kí ríìmù fúnra rẹ̀ tẹ̀. Ìgbà mìíràn, méjèèjì ni. Bí ẹni wọ sálúbàtà tó ti jẹ pẹlẹbẹ rìn lórí òkúta wẹ́wẹ́ ni.

Táyà tó ti yọ kókó ò sì ní oògùn. Ìṣó tó bá gún táyà ní àtẹ́lẹsẹ̀, fọkanáísà á lẹ̀ ẹ́, ẹ ó sì máa lọ. Ẹ̀gbẹ́ táyà kì í gba lílẹ̀. Ẹni tó bá ń wà á kiri bẹ́ẹ̀ ń dúró de ọjọ́ tí yóò bẹ́ lórí eré ni. Ríìmù tó tẹ̀ ńkọ́? Àwọn kan wà tí wọ́n ń fi iná àti òòlù nà án padà. Àlùmíníọ̀mù tí iná bá ti jó kì í le bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, á máa sán, á máa jo afẹ́fẹ́, ìdarí ọkọ̀ á sì máa gbọ̀n lọ́wọ́ yín ní kété tí ẹ bá ti sáré díẹ̀.

Mi ò ka eléyìí nínú ìwé nìkan. LX ni mo ń wà. Sport ni àbúrò ìyàwó mi ń wà, ọdún kan náà, tókúnbọ̀ ni méjèèjì, mẹkáníìkì kan náà ló ń tọ́jú wọn fún wa. Ọ̀nà Gbọ̀ngán náà la jọ ń gbà lọ sí Ìbàdàn. Ní àsìkò òjò, tí omi bá dúró lójú títì tí èèyàn ò mọ bó ṣe jìn tó, kòtò tí mo bá já sí tí mo kàn ṣe "yé!" tí mo sì ń bá tèmi lọ, òun á páàkì, á sọ̀ kalẹ̀, á tẹ́ orí wo abẹ́ ọkọ̀. Ó ti pààrọ̀ táyà tí ilà ojú rẹ̀ ṣì jìn dáadáa, tí kò tíì jẹ rárá, nítorí kókó. Tèmi, mo máa ń lò ó títí yóò fi dán. Epo wa? A ti jọ fi wé ara wọn, kò sí ìyàtọ̀ tó tó sọ.

Ẹ wá lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta táyà. 205/65R16 kún ìsọ̀ wọn, torí pé Camry LE ti 2012 náà ń lo ìwọ̀n yẹn gan-an. Tuntun wà, tókúnbọ̀ wà, ẹ lè ná an. Ẹ béèrè 235/45R18, ẹ ó rí i bí wọ́n ṣe máa ránṣẹ́ sí ìsọ̀ kejì. Tí wọ́n bá sì rí i, ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn nínú àkọsílẹ̀ DOT lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, òun ló ń sọ ìgbà tí wọ́n ṣe táyà náà: 2314 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2014. Ìwọ̀n tó bá wọ́n ló ń mú kí èèyàn fi owó gọbọi ra rọ́bà àtijọ́.

Kì í ṣe Accord 2013 nìkan. Accord 2018, ẹ́ńjìnnì lítà 1.5 oní-tọ́bò kan náà ló wà nínú LX àti Sport: LX ń lo 225/50R17, Sport ń lo 235/40R19. Ẹ̀gbẹ́ táyà Sport ibẹ̀ ò ju mìlímítà 94 lọ! Corolla 2014, họ́ọ̀sìpáwà 132 ni LE àti S Premium ní, ṣùgbọ́n ríìmù ínǹṣì 17 ni S Premium gùn, bíréèkì ẹ̀yìn rẹ̀ sì jẹ́ dísìkì níbi tí ti LE ti jẹ́ dírọ́ọ̀mù. Mo gbà pé Camry SE ti 2007 ò burú tó bẹ́ẹ̀. 215/55R17 rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí 215/60R16 ti LE. Ó parí síbẹ̀.

Àwọn alátakò á ní Sport ń di ilẹ̀ mú dáadáa ní kọ́nà. Kọ́nà wo, láàárín Ọláìyá sí Òkè-Fìà? Wọ́n á ní ínṣọ́ránsì ò yàtọ̀. Ó dáa, third party ọkọ̀ àdáni jẹ́ 15,000 náírà láti oṣù Kìíní 2023, ohun yòówù kí wọ́n kọ sẹ́yìn ọkọ̀, ẹ gba ìyẹn. Àwọn tó gbọ́n jù nínú wọn á ní, "Ṣebí èèyàn lè yọ ríìmù yẹn, kó fi kékeré sí i." Kí lẹ wá san àfikún owó Sport fún nígbà náà? Sailẹ́ńsà ẹlẹ́nu méjì?

Tí Sport bá sì wu ọmọkùnrin yẹn títí, kó rà á, owó rẹ̀ ni. Kó ṣáà béèrè iye táyà 235/45R18 mẹ́rin kó tó dúnàá-dúrà, kó sì ní kí wọ́n gbé ọkọ̀ náà sókè kó lè wo ríìmù láti inú, torí ìta nìkan ni àwọn tó ń tà á máa ń fọ̀ tí wọ́n sì máa ń kùn. Inú lọ́hùn-ún ni ojú ibi tí wọ́n ti fi òòlù nà án máa ń wà. Bí wọ́n bá ní kó má wulẹ̀ jẹ́ kí aṣọ rẹ̀ dọ̀tí, kó dọ̀bálẹ̀ wò ó.