Ẹ̀jẹ̀ Ríru Ń Ba Ọpọlọ Jẹ́ Lábẹ́lẹ̀

Tí wọ́n bá dárúkọ ẹ̀jẹ̀ ríru, rọpárọsẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ sọ sí wa lọ́kàn. Ọṣẹ́ tó ń ṣe fún ìrántí ẹni, díẹ̀díẹ̀, fún ọdún gbọọrọ, láìjẹ́ pé orí fọ́ ẹni náà rárá, a kì í sọ ọ́. Èrò tèmi ni pé púpọ̀ nínú àwọn àgbàlagbà tí a ń wò pé wọ́n ń ṣarán lónìí, BP tí ẹnikẹ́ni ò tọ́jú nígbà tí wọ́n ṣì wà ní ogójì, àádọ́ta ọdún, wà lára ohun tó fà á.

Inú ọpọlọ kún fún iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-tìn-tín. Tí ẹ̀jẹ̀ bá ń fi tipátipá gba inú wọn kọjá lójoojúmọ́, ara iṣan á nípọn, á le, ọ̀nà á sì fún. Ibi tí ẹ̀jẹ̀ ò bá dé mọ́ á kú. Ó lè má ju hóró ẹ̀wà lọ, ẹni náà ò sì ní mọ̀ pé ohunkóhun ṣe òun. Bí irú ibẹ̀ bá ṣe ń pọ̀ sí i ni ìrònú ń falẹ̀.

Ìyá kan wà ládùúgbò wa tó ń ta aṣọ. Gbogbo gbèsè tó wà níta, orí ló fi ń kà á. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fún oníbàárà ní ṣéńjì tó ju owó tí wọ́n san lọ. Àwọn kan ní ayé ló ń ṣe é, àwọn mìíràn tilẹ̀ ń sọ̀rọ̀ àjẹ́ sí i lẹ́yìn. Wọ́n gbé e kiri ilé àdúrà kí wọ́n tó wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, BP yẹn: 190 lórí 110. Oògùn tí wọ́n ti kọ fún un tipẹ́, ó ti pa á tì nítorí pé ara rẹ̀ yá. Ọ̀rọ̀ náà ṣì ń dùn mí.

Ẹ má sì sọ pé àrùn òyìnbó ni. Ní 1992 ni àwọn oníwádìí Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ sí í tọpa àwọn àgbàlagbà Ìdíkàn, àdúgbò kan ní Ìbàdàn, tí wọ́n ń fi wọ́n wé àwọn aláwọ̀ dúdú ìlú Indianapolis ní Amẹ́ríkà. Àbájáde ọdún 2001 fi hàn pé àwọn tí arán ń mú ní Ìbàdàn lọ́dọọdún ò tó ìdajì ti ọ̀hún. Inú mi dùn sí ìyẹn gan-an. Ṣùgbọ́n ní 2011, Ọ̀jọ̀gbọ́n Adésọlá Ògúnníyì àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jẹ́ ká mọ̀ pé láàárín àwọn ará Ìbàdàn yìí náà, àwọn tí ìfúnpá wọn ga ni arán ń mú jù, àgàgà ẹni tí nọ́ńbà òkè rẹ̀, èyí tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ pè nínú méjèèjì, bá tó 160.

Ó ní àtúnṣe o. Ìwádìí SPRINT MIND tí wọ́n gbé jáde ní 2019 ní Amẹ́ríkà, lórí àwọn tó lé ní 9,000 tí wọ́n ti tó àádọ́ta ọdún sókè, rí i pé àwọn tí wọ́n fi ìtọ́jú wá nọ́ńbà òkè wọn wálẹ̀ sí ìsàlẹ̀ 120 kò fi bẹ́ẹ̀ ní ìgbàgbé tó máa ń ṣíwájú arán bíi ti àwọn tí wọ́n fi sílẹ̀ ní ìsàlẹ̀ 140.

"Ara mi ti yá" yìí ló ń bà mí lọ́kàn jẹ́ jù. Oògùn yẹn gan-an ló jẹ́ kí ara yá. Òótọ́ ni pé ó ti wọ́n, àpò ara wa la sì fi ń rà á. Tí owó bá ni ìṣòro, ẹ sọ fún dókítà, ó lè pààrọ̀ rẹ̀ sí èyí tí apá yín ká. Tí ẹ bá délé lópin ọ̀sẹ̀, ẹ jẹ́ kí bàbá àti màmá jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹ wọn ìfúnpá wọn, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì béèrè bóyá oògùn wọn ti tán.